Ìgò Tí O Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Ọdúnlámì, mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán.
Ohùn rẹ há lórí fóònù bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo:
ẹ̀yìn ń dùn ọ́, orí ń fọ́ ọ, oorun kò kun ojú.
O ní kí n se àgbo Ìyá, kí n dà á sínú ìgò,
kí n fún awakọ̀ tí ń lọ Kútọnù láàárọ̀.

Mo wá ìkòkò náà kàn lẹ́yìn àká.
Aláǹtakùn ti fi í ṣe ààfin.
Mo fọ̀ ọ́. Mo já efinrin, mo já ewúro,
mo bẹ́ èèpo igi tí mo rò pé òun ni Ìyá máa ń bẹ́.
Mo sè é títí ilé fi ń rùn bí ilé wa àtijọ́.
Mo bu díẹ̀ tọ́ wò.
Ó korò. Kíkorò nìkan náà ni.
Nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ro ohun tó kù.

Bóyá omi ni.
O rántí omi Kétu, àbí o ti gbàgbé?
Kànga tó jìn débi pé apá á ti máa ro wá
kí a tó gbọ́ ìró omi nísàlẹ̀.
Síbẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ kì í wọ àmù wa.
Ìyá á ní, “Ẹ jẹ́ kó fọ páànù ná,
kó kó eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé lọ.”
Òùngbẹ ń gbẹ wá, à ń wò ó bí ọ̀dájú.
Òjò kejì, ó tún na ọwọ́: “Ẹ ṣì dúró.”
Ẹ̀kẹta la tó gbé garawa síta.
Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ tó ti ya ló fi ń sẹ́ ẹ,
ó ní ó kúkú ti parí iṣẹ́ àkọ́kọ́.
Ọdún tí ìgbẹ́ gbuuru gba àdúgbò kọjá,
ó dé ọ̀dọ̀ wa náà, n kò ní purọ́,
ṣùgbọ́n a kò gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bóyá ẹsẹ̀ ni.
Láti ẹnu bodè Àkàbà dé oko ẹ̀pà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín,
ìwọ tí o jókòó sórí sẹ́míjàn láti ìdájí dòru,
tí èéfín epo inú ìgò ń wọ imú rẹ bí áṣáà.

Bóyá iyọ̀. Ìka méjì ló fi ń mú un,
bí ẹni ń mú ọmọ kòkòrò tí kò fẹ́ pa.

Tàbí ìwé.
O ò mọ̀ nípa ìwé.
Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, á wọ bàtà, á lọ sí lopitáálì,
Nọ́ọ̀sì Felisité á so nǹkan mọ́ ọn lápá, á kọ nọ́ńbà.
Mo bi í pé, “Ìyá, kí ló ń ṣe yín?”
Ó ní, “Kò sí.
Ẹ̀jẹ̀ kì í pariwo.
Ẹni tó bá dákẹ́, à á yà wò ó.”
Abẹ́ ẹní kan náà ló ń fi ìwé àti ewé sí.

Ó kú, bẹ́ẹ̀ ni. Ọgọ́rin ọdún ó lé méjì.
Ó ti gbá àgbàlá kó tó kú.

Ọdúnlámì, n kò fi ìgò ránṣẹ́.
Mo da àgbo náà sídìí ìbẹ́pẹ; ológbò gbóòórùn rẹ̀, ó yípadà.
Lọ rí dókítà lọ́la, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ.
Lẹ́yìn náà, wá sílé ní Jímọ̀.
Mo ti sá ẹní rẹ.
A ó jọ wá igi náà, bóyá ojú rẹ á mọ èèpo rẹ̀ jù mí lọ.
Má gun ọ̀kadà wá o.
Wọ ọkọ̀.
Sùn nínú rẹ̀.